Máàkì Mẹ́rin Péré

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti bí oṣù mélòó kan, tí mi ò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ síwájú yín lónìí. Bí ẹ bá dá mi láre, mo dúpẹ́. Bí ẹ bá dá mi lẹ́bi, ẹ fi ibi tí mo ti ṣìnà hàn mí.

Jíbówú ni ilé ìtẹ̀wé mi wà, lẹ́yìn títì Ìkòròdú, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo àwọn agbèrò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú: "Oníṣà! Abá! Ẹnúgu!" Ẹni tó bá mọ Jíbówú mọ̀ pé àdúgbò ìrìn-àjò ni. Ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá ti ń gbéra lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́, òmíràn tilẹ̀ ń kọjá ààlà lọ sí Gánà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wo àwọn tó ń lọ. Mo ti rí ẹni tó ń sunkún wọkọ̀, mo sì ti rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín wọkọ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́wàá sí ìsinsìnyí, ìrìn-àjò mìíràn ti gbòde, tí bọ́ọ̀sì Jíbówú kò lè gbé. Jápa ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Inú fọ́ọ̀mù ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni di ẹrù.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé tọ̀ mí wá. Ọmọ ọdún 33 ni. Yunifásítì ló ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú iṣẹ́ ọnà, ó sì ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ó ń fi kọ̀ǹpútà to ìwé, ó ń ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé. Ó mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kódà, bébà tí orúkọ ilé iṣẹ́ mi wà lórí rẹ̀, tí a fi ń kọ lẹ́tà, òun ló yà á fún mi.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó mú bébà kan jáde nínú àpò rẹ̀. Bébà mi náà ni. Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sí i tán, ó ku kí n buwọ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ náà sọ pé èmi, tí mo ni ilé iṣẹ́ yìí, ń jẹ́rìí sí i pé ọmọ yìí ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin.

Mo ní, "Ọdún mẹ́rin kẹ̀?"

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú. Máàkì mẹ́rin péré ló kù mí kù."

Kí ẹ lè mọ ohun tí lẹ́tà náà wà fún, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìjọba Kánádà ṣe ń yan àwọn amọṣẹ́dunjú tó ń fẹ́ kó wá máa gbé ilẹ̀ wọn títí láé. Wọ́n ní ajọ̀ kan tí wọ́n fi ń jọ èèyàn. Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo máàkì tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ gba 67, ó kéré tán. Èdè ló ní 28, ìwé tí èèyàn kà ní 25, ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ ní 15, ọjọ́ orí ní 12. Máàkì 10 jẹ́ ti ẹni tó ti ríṣẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, 10 tó kù sì jẹ́ ti àwọn nǹkan bíi níní ẹbí tó ń gbé ibẹ̀. Ti ọjọ́ orí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Láti ọdún 18 títí dé 35, máàkì 12 ni. Láti 36, ọdún kọ̀ọ̀kan ń bu ẹyọ kan kúrò, nígbà tí èèyàn bá sì fi máa pé 47, ó ti di òdo. Mo wo ara mi, mo ní, "Ó dáa o, èmi ti di òdo láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n kò tilẹ̀ mọ̀!"

Ẹ wá wo ìṣirò ọmọ wa. Ọjọ́ orí fún un ní 12. Oyè yunifásítì fún un ní 21. Ó ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS, ìyẹn fún un ní 16. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti di onílé lọ́hùn-ún, ìyẹn jẹ́ 5. Ní ti iṣẹ́, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ń gba 9, ọdún méjì sí mẹ́ta ń gba 11, ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ń gba 13. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tó ṣe lọ́dọ̀ mi fún un ní 9. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 63 ni. Bí mo bá buwọ́ lu ọdún mẹ́rin, 9 á di 13, 63 á di 67 géérégé. Ẹ ò rí i pé ọmọ náà mọ ìṣirò.

Mo sọ fún un pé irọ́ ni. Kò jiyàn. Ó ní, "Irọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá mi, ṣùgbọ́n ta ló pa lára? Kì í ṣe pé mi ò mọṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíràn tó ti ṣe é fún ọdún mẹ́wàá lọ. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Àwọn kan ń yá owó olówó, wọ́n ń kó o sí báńkì kí àwọn òyìnbó lè rò pé tiwọn ni, bí wọ́n bá ti rí i tán, wọ́n á dá a padà. Àti pé, àwọn tí ẹ ń bẹ̀rù láti purọ́ fún yìí, kí ni wọ́n ń ṣe fún wa? Owó ìjọba wa la fi ń kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, àwọn ni wọ́n ń kó wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ẹni tó ń jà wá lólè ló yẹ ká máa sọ òtítọ́ fún?"

Mo ní kó fi lẹ́tà náà sílẹ̀, kó jẹ́ kí n rò ó.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí lórí fóònù. Kò kí mi. Ó ní, "Ìwọ, nígbà tí o fẹ́ lọ sílé ìwé gíga, tí Bàbá ti kú, ta ló ta aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ sanwó fún ọ?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Àǹtí mi." Ó ní, "Ṣé mo ti bi ọ́ léèrè owó náà rí?" Mo ní rárá. Ó ní, "Mi ò ní bi ọ́ láé. Ìwé lásán ni mo ní kí o buwọ́ lù fún ọmọ mi. Àbí kó máa jókòó síbí títí yóò fi darúgbó lo fẹ́?" Ó sì pa fóònù náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, èmi náà ń ro àròjinlẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé bóyá ajọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kò dára. Bí ìdíwọ̀n bá jẹ́ ti olè, kí ni èèyàn ṣe máa bọ̀wọ̀ fún un? Ṣùgbọ́n òtítọ́ gbọ́dọ̀ di sísọ. Kó tó di ọdún 1967, kì í ṣe máàkì ni Kánádà ń wò, ibi tí èèyàn ti wá àti àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò jù. Ọdún 1967 ni wọ́n gbé ètò máàkì yìí jáde, tó fi jẹ́ pé ìwé àti iṣẹ́ àti èdè ló ń sọ̀rọ̀ fún èèyàn. Ọmọ Jíbówú àti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ajọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá kọjá. Lóòótọ́, ajọ̀ náà kò béèrè bóyá èèyàn ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Kò béèrè bóyá ó jẹ́ olóòótọ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Ohun tí èèyàn wúlò fún nìkan ló ń bi í. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n wo àwọ̀ lọ.

Àwa náà ńkọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Gánà ló kó ẹrù wọn sínú báàgì tí a ṣì ń pè ní "Ghana Must Go" títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn amọṣẹ́dunjú inú wọn, wọ́n fi ọjọ́ kún tiwọn di òpin oṣù Kejì. Ṣé ẹ rí i? Àwa náà di ajọ̀ mú. Ẹni tó wúlò fún wa, a ní kó rọra ṣe. Ẹni tí kò wúlò, a ní kó sáré. Nítorí náà, mi ò lè fi ajọ̀ Kánádà ṣe àwáwí.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń jà wá lólè. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àrífín, òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ti ṣe ìlànà kan ní ọdún 2010 lórí bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń kó òṣìṣẹ́ ìlera orílẹ̀-èdè mìíràn. Nígbà tí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn ti kéré jù síwèé ní ọdún 2023, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2023 yẹn kan náà, aṣòfin kan láti Èkó gbé àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ ní Àbújá pé kí dókítà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún nílé kó tó gba ìwé àṣẹ ní kíkún. Àwọn dókítà fárí gá. Wọ́n ní kí ìjọba tún ilé ìwòsàn ṣe, kó sanwó tó jọjú, kó yé fi okùn de èèyàn mọ́lẹ̀.

Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí Andrew, ọ̀dọ́mọkùnrin orí tẹlifíṣọ̀n ayé ìjọba ológun Bùhárí, ní nǹkan bí ọdún 1984, tó ní ilẹ̀ yìí ti sú òun, òun ń lọ. Wọ́n ní kó dúró ká jọ tún ilé ṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná tí Andrew ń sunkún rẹ̀ nígbà náà, òun náà kọ́ ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ń ké lé lórí yìí? Àwọn baba wa náà rìn. Wọ́n dé Kùmásì, wọ́n dé Támálè, wọ́n dé Àbíjàn. Ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lọ, a kì í fi ìlẹ̀kùn há a lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí ewúrẹ́ mi, ṣé ìyẹn sọ ewúrẹ́ aládùúgbò mi di ọ̀fẹ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà lọ́wọ́ mi lóru ọjọ́ yẹn. Mo ti ń rò ó bí ẹni pé ìjọba Kánádà ni a fẹ́ purọ́ fún. Kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tó bá gba 67, ìlà ló tò sí, kò tíì wọlé. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń fi máàkì mìíràn to àwọn tó wà nínú ìlà náà, láti orí ẹni tó ga jù dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù, òkè ni wọ́n sì ti ń mú, títí iye tí wọ́n ń fẹ́ á fi pé. Bí ọdún irọ́ bá gbé ẹnì kan sókè, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ta ni ẹlòmíràn ọ̀hún? Ó lè jẹ́ ọmọ Múṣín. Ó lè jẹ́ ọmọ opó kan ní Fádèyí tó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ kọ ọdún kan fún un nítorí pé ọdún kan ló ṣe. A kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò lè rí ojú rẹ̀, òun náà kò sì ní mọ ẹni tó gba ipò òun. Ìyẹn ló mú kí irọ́ náà dà bí irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí ó pa lára kò sí nílé nígbà tí a ń pa á ni.

Ọ̀tọ̀ ni ti lẹ́tà fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà irọ́ bá pọ̀ láti Jíbówú, lẹ́tà òtítọ́ láti Jíbówú náà á di ohun tí wọ́n ń fi ojú kan wò. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Àwa tí a ń ra èké la sọ òtítọ́ di ọjà tí kò tà.

Ìkẹta, ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ohun tó ń wá ni ibùgbé títí láé. Òfin Kánádà ní ẹni tí wọ́n bá gbá mú pé ó parọ́ nínú fọ́ọ̀mù kò ní lè wọ ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Kódà bó bá ti wọlé, tó ti di ọmọ onílẹ̀, wọ́n lè gba ẹ̀tọ́ náà padà bó bá hàn pé irọ́ ló fi gbà á. Ṣé ibùgbé títí láé nìyẹn? Ẹni tó ń gbé lórí irọ́, ayálégbé ni títí ayé, kódà kó ra ilé mẹ́wàá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá arúgbó kan wà ní òpópónà wa tó jẹ́ pé Gánà ló ti bọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, fún ogójì ọdún, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ tí kò mọ ilé rí, gbogbo wọn ló gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà àti Ìlọrin padà. Bàbá náà máa ń sọ pé, "Àwa ò ṣe nǹkan kan. Ìwé la ò ní." Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí kò níwèé, wọ́n lé e. Ẹni tó wá níwèé, tí ìwé rẹ̀ jẹ́ irọ́, àwọn wo ni yóò bá kẹ́jọ́ rò lọ́jọ́ tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Bàbá yẹn lè sọ pé òun ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku gbèsè tí mo jẹ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló le jù, torí pé òótọ́ ni. Bí kò bá sí aṣọ òkè yẹn, ẹ̀yin ì bá má máa ka ohun tí mo kọ lónìí. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé gbèsè mi, ohun tó jẹ́ tèmi ni mo lè fi san án. Owó mi jẹ́ tèmi. Àárẹ̀ ara mi jẹ́ tèmi. Bó bá ní kí n wá máa fọ ilẹ̀ ilé rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ipò ọmọ opó nínú ìlà kì í ṣe tèmi. Mi ò lè jí nǹkan ẹlòmíràn san gbèsè ẹ̀gbọ́n mi, kí n wá pe ìyẹn ní ìmoore.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe ọmọ náà. Mo kọ lẹ́tà mìíràn lójú rẹ̀. Mo kọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Mo kọ ọ́ kúnná: ìwé tó tò, àwòrán tó yà, wákàtí tó ń ṣe lọ́sẹ̀, owó tí mo ń san fún un. Mo buwọ́ lù ú, mo lu sítáǹpù. Ó wò ó, omi lé sí i lójú.

Mo ní kó mú bébà, ká tún ìṣirò ṣe. Mo ní, "Máàkì mẹ́rin tí o ń wá nínú ọdún irọ́, wò ó bí ó ṣe wà nínú ìdánwò èdè." Ọ̀nà mẹ́rin ni ìdánwò náà ní: kíkà, kíkọ, gbígbọ́, àti sísọ. Ìpele tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fún un ní 4. Bó bá gòkè sí ìpele tó tẹ̀ lé e nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á di 5, gbogbo rẹ̀ á di 20. Máàkì mẹ́rin náà nìyẹn, kò lé, kò dín. Mo ní èmi ni máa san owó ìdánwò náà, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Owó ìdánwò náà kì í ṣe kékeré fún onítẹ̀wé Jíbówú, ṣùgbọ́n owó aṣọ òkè náà kì í ṣe kékeré nígbà ayé tirẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ pé ó yege. Òtítọ́ la jọ ń sọ níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó gòkè nínú mẹ́ta. Kíkọ kò gbà fún un. Ó di 19 dípò 20, gbogbo máàkì rẹ̀ di 66. Ẹyọ kan ṣoṣo! Ọjọ́ tí èsì jáde, kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó ní, "Ṣé inú rẹ ti dùn báyìí?" Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n kì í bi mí pé báwo ni àwọn ará ilé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́gbọ̀n-ọ́n mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé òtítọ́ máa ń san lójú ẹsẹ̀, ẹ bi í pé ọjà wo ló ti ń ná an. Ẹ̀yìn ọjọ́ ló máa ń yọ, nígbà mìíràn kì í yọ rárá. A kì í sọ ọ́ torí pé ó ń sanwó. À ń sọ ọ́ torí pé àwọn èèyàn tí a kò rí wà nínú ìlà.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ náà wà nídìí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń to ìwé àdúrà kan fún àwọn ìjọ kan. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì báyìí, tí a bá ro iṣẹ́ tàtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Lọ́jọ́ tó bá pé, 9 tó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ á di 11, 66 á di 68. Kò tíì pé 36, máàkì 12 rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìlà ṣì wà níwájú o, bóyá wọ́n á mú un, bóyá wọn ò ní mú un. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí màá kọ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi ò ní gbọ̀n.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ọdún mẹ́rin irọ́ tí kò ní ìbuwọ́lùwé. Mi ò ya á. Nígbà mìíràn tí mo bá ti gbúròó ẹ̀gbọ́n mi, màá ṣí dúrọ́ọ̀ náà wò ó, màá tún pa á dé. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin ì bá buwọ́ lù ú bí?